Ọwọ́ yín dùn, àǹtí onídìrí. Ẹnu yín ńkọ́?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá ibì kan jókòó sí, ọ̀rọ̀ òní gùn. Ọ̀rọ̀ àwọn onídìrí wa ni, pàápàá àwọn tó wà ládùúgbò mi níbí, ní Joju. Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan. Ẹ bínú tán, ẹ padà wá kà á parí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Ìwà tí wọ́n ń hù sí wa ní ṣọ́ọ̀bù onírun, wọn ò bí i mọ́ ẹnì kankan. Wọ́n kọ́ ọ ni. Ọ̀gá fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, òun náà ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ tiẹ̀. Tá a bá fẹ́ kí èébú àti yẹ̀yẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ló yẹ ká lọ. Bébà "positive vibes only" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ò lè tún un ṣe.

Fún àwọn tí kò mọ àdúgbò wa: tó o bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Sango, tó o gba ọ̀nà Idiroko, o máa kan Joju kó o tó dé Oju-Ore. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló yí gbogbo Ọ̀tà ká. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣíífútì ni wọ́n ń ṣe, ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Orí ìdúró ni wọ́n máa ń wà. Wọ́n á de irun mọ́ abẹ́ fìlà, òógùn á bà á jẹ́. Tó bá wá di Sátidé, ṣọ́ọ̀bù onírun ni ibi àkọ́kọ́ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ máa ráyè jókòó sí láàárín ọ̀sẹ̀, tí ẹlòmíì á fọwọ́ kan orí ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin, márùn-ún. Tó bá jẹ́ braids kéékèèké, ó lè tó mẹ́jọ. Mi ò mọ ibòmíì tá a ti ń gbé orí wa lé ẹni tí kì í ṣe ẹbí lọ́wọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá máa kọ́kọ́ gbọ́?

"Hàà! Kí ló jẹ irun iwájú ẹ?"

"Irun yìí le o, àfi bíi wáyà. Màá gbowó kún un."

"O ò rítọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ni? Àbí o ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tí kì í ṣerun?"

"O ti sanra o! Ṣé oyún ti wà níbẹ̀ ni?"

Wọn ò tíì sọ pé ẹ káàbọ̀ o.

Oṣù tó kọjá mo bi àwọn tó ń tẹ̀ lé mi pé ọ̀rọ̀ wo ni onídìrí sọ sí yín tí ẹ ò lè gbàgbé. Mo rò pé ẹ̀rín la máa rín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò lè kà á mọ́. Ìyàwó ilé kan sọ pé irun òun já lẹ́yìn tóun bímọ, onídìrí òun sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé bó ṣe ń já yìí, ọkọ ẹ̀ máa tó wá ẹlòmíì. Ẹ gbọ́ ná. Irun tó ń já lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀ gan-an. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó sì máa ń padà hù fún ọ̀pọ̀ èèyàn kí ọmọ tó rìn dáadáa. Onídìrí tó ti ṣerun ìyá ọmọ tuntun bí igba yẹ kó mọ ìyẹn. Ohun tó yẹ kó sọ fún un nìyẹn, kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ọkọ ni wọ́n fi dẹ́rù bà á.

Ọmọbìnrin míì ní ọmọ ọdún 17 lòun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gírámà. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ló máa ń fipá mú ọmọbìnrin gẹ irun sílẹ̀ títí wọ́n á fi jáde. Torí náà, irun àkọ́kọ́ tó máa dá sí lórí ara ẹ̀ nìyẹn, inú ẹ̀ ń dùn, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, onídìrí tú orí ẹ̀, ó pe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wá wò ó. Ó ti pé ọmọ ọdún 24 báyìí. Kò tíì jókòó níwájú onídìrí kankan láti ọjọ́ náà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í lórí YouTube, òun nìkan, níwájú dígí, ọwọ́ á máa ro ó. Ọdún méje torí ẹ̀rín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ irun iwájú yìí gan-an ló ń yà mí lẹ́nu jù. Àwọn dókítà awọ ara ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, traction alopecia. Irun tí wọ́n bá ń fà le lemọ́lemọ́, gbòǹgbò ẹ̀ máa ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iwájú orí àti ẹ̀bá etí ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Tí wọ́n bá tètè dá a dúró, ó lè padà hù. Tó bá ti pẹ́ jù, ó lọ nìyẹn. Ta ló wá fà á? Ṣé èmi ni mo fa orí ara mi ni? O jókòó, o ní "Àǹtí, ẹ rọra, ó ń dùn mí." Wọ́n ní "Fara dà á jàre, tó bá di ọ̀la á rọ̀." O délé, o lo Panadol méjì, o ò lè fi orí lé pílò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni yẹn kan náà á wá wo iwájú orí ẹ, á ní kí ló jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà kọ́, àǹtí!

Ti "irun ẹ le bíi wáyà" ńkọ́? Ní August 2016, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé Pretoria High School for Girls ní South Africa fi ẹ̀hónú hàn torí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, àwọn olùkọ́ ń ní kí wọ́n lọ na irun orí wọn kó lè "bójú mu". Zulaikha Patel tó wà níwájú wọn, ọmọ ọdún 13 péré ni. Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ní 2019, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní CROWN Act, kí ẹnikẹ́ni má lè fi irú irun tó hù lórí ènìyàn dù ú níṣẹ́ tàbí ilé ìwé. Ìyẹn, ibi táwọn aláwọ̀ dúdú ti ń gbé pẹ̀lú òyìnbó nìyẹn. Ní Joju ńbí, kò sí òyìnbó kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí irun orí ẹ̀ rí bíi tìẹ gẹ́lẹ́ ló ń sọ fún ẹ pé irun ẹ ò dáa.

Ẹni tó bá sì lóun ò fi kẹ́míkà sórí mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè nídìí tiẹ̀. Ní 2022 àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára obìnrin tó lé ní 33,000. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo ohun ìnarun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún ń ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ ju ìlọ́po méjì àwọn tí kò lò ó lọ. Wọn ò tíì sọ pé òun gan-an ló fà á o, èmi náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ohun tí ènìyàn ń fi sí orí ara ẹ̀, tiẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa fi ṣe ìpàdé.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe nìyẹn, àwàdà la fi ń ṣe, pé èmi ni mo ti ka ìwé jù. Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá wo? Gbogbo iṣẹ́ ni Yorùbá ní ìkíni fún. Tó o bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, "Ojú gbooro o" lo máa kí i. Òun náà á dáhùn pé "Òòyà á yà o." Ojú tí wọ́n ń wí yẹn, ojú irun ni, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ẹsẹ̀ irun kan sí èkejì. Àdúrà lẹni tó wọlé kọ́kọ́ ṣe, kó tó sọ ohun míì. Mélòó nínú wa ló ṣì ń kí i báyìí? Èmi ò gbọ́ ọ ní Joju láti ìgbà tí ìyá ìyá mi ti kú.

Àwọn àgbà ò kì í gbé orí wọn fún ẹnikẹ́ni ṣáá. Orí yìí kan náà ni wọ́n ń bọ, òun ni wọ́n ní ó ń ṣáájú ẹni ṣe rere. Kódà, òòyà iyùn wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì ń pe òun náà ní onídìrí. Ẹ lè jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ lè jẹ́ Mùsùlùmí, ìyẹn ò kàn mí. Màmá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé, títí dòní tí wọ́n bá dirun tán, wọ́n á ṣa gbogbo irun tó já sílẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé fún ẹni yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwa la wá sọ ọ́ di ohun tí à ń fi TikTok ṣe lórí.

Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ mọ J. D. 'Okhai Ojeikere? Ọmọ Nàìjíríà tó ń ya fọ́tò ni, ó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa, ọ̀pọ̀ ẹ̀ láti ẹ̀yìn, títí tó fi tó nǹkan bí 1,000 fọ́tò. Irun kíkó, irun dídì, gbogbo ẹ̀ dúró bí ère. Àwọn ilé àṣà ńláńlá lókè òkun ti gbé e kọ́ sára ògiri, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé wò ó. Orúkọ ẹni tó ya fọ́tò la mọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di irun yẹn, ta ló ni ín? Onídìrí ni. Ṣùkú, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kọjúsọ́kọ, pàtẹ́wọ́, kòròba, wọn ò kọ ọ̀kankan nínú ẹ̀ sínú ìwé kó tó di pé ó délé gbogbo ayé. Onídìrí tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ga báyìí, ṣé ó tún máa nílò láti fi kọ́sítọ́mà rẹ́rìn-ín kó tó lè dà bí ọ̀gá?

Mo rò pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ yìí kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Owó ilé ìwé ló tán. Gbogbo ilé ló sọ fún wọn pé "tí kò bá mọ̀wé, kó lọ kọ́ irun." Bí ìyà ni wọ́n ṣe fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, báyìí ló ń rí. Òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á kọ ìwé àdéhùn, wọ́n á san owó. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kò rówó san á sìn pẹ́ ju ìyẹn lọ. Oṣù àkọ́kọ́, ọmọ náà ò ní kan òòyà. Á gbálẹ̀, á pọn omi, á fọ táwẹ́ẹ̀lì, á lọ ra ìrẹsì ọ̀gá ní òdìkejì títì, á gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n. Mi ò ní ká má rán ọmọ níṣẹ́ o, ọmọ tí kò bá mọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù gbá kò lè ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni lílù. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni "olódo", "ọlẹ", "irú ìyá wo ló bí ẹ", láti àárọ̀ dalẹ́, lójú ẹni tó wá ṣerun.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ń di apá ọ̀tún, ọ̀gá ẹ̀ ń di apá òsì. Ọmọ náà ò lè ju ọmọ ọdún 15 lọ. Ojú irun kan tó yà wọ́ díẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó fi òòyà gbá a léegun ìka, gbà! Ó ní "Ọdún kejì rèé, o ò mọ ojú irun yà. Olórí kunkun." Kọ́sítọ́mà méjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, bó ṣe ń fa irun mi yí padà. Ó ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Mi ò bínú sí i, mo mọ ibi tí agbára yẹn ti wá. Mo ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má nà án mọ́. Orí mi lẹ ń nà." Wọ́n bi mí pé ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn níṣẹ́. Mo ní rárá mà. Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó ṣe tán, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ wọn ò fi òòyà gbá a mọ́ o.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Èébú tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kì í dúró sára ẹni tí wọ́n bú. Orí ẹni tó jókòó ló ń bọ́ sí. Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń fi í ṣẹ̀sín ló ń gbọ́ fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ tó bá ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, tí wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n jẹ ìrẹsì, kí lẹ rò pé ó gbé jáde? Ó mọ braids dì, ó mọ weaving ṣe, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ síni.

Àwọn ọ̀gá á ní "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, a ò kú." Lóòótọ́. Wọ́n á tún ní ọmọ tí a kò bá bá wí máa bà jẹ́. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní tí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni mò ń rí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wọ̀. Ọ̀tún dà? Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ọmọdé ló jẹ́ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003. Ìpínlẹ̀ Ogun wà lára àwọn tó ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Kò sí ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ tó lè pa ìyẹn rẹ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí gan-an nìyí. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ dín iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ máa kọ́ ní ilé ìwé gírámà kù sí mẹ́fà. Ìṣerunlóge àti ìtọ́jú ẹwà jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Inú mi dùn sí i. Ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ yìí ò ní jẹ́ ti "ẹni tí kò mọ̀wé" mọ́. Àmọ́, àwọn wo ló máa kọ́ wọn? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa rán wọn lọ láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nílẹ̀ náà ni. Tí ohun tó wà níbẹ̀ ò bá yí padà, àwọn tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ la máa fi ránṣẹ́ lọ kọ́ ọ.

Ó ṣeé yí padà o. Tó o bá tẹ̀ lé ọ̀nà Idiroko tó gba iwájú ilé wa yìí, tó o kọjá bọ́dà, tó o la Benin já, Togo lo máa kàn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Bluemind Foundation ti ń kó àwọn onídìrí jọ, ní Togo, ní Côte d'Ivoire àti ní Cameroon, tí wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn kọ́sítọ́mà. Heal by Hair ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Nígbà tó máa fi di ìparí 2023, nǹkan bí 150 obìnrin ló ti gba ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ò le: bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láìfipá múni, bí wọ́n ṣe ń kíyè sí ẹni tí kò tọ́jú ara ẹ̀ mọ́, tàbí tí orí fífọ́ ò fi sílẹ̀. Pabanbarì ẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ jáde, kí wọ́n má sì gba ènìyàn nímọ̀ràn tó máa ba ayé ẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ìkẹyìn yẹn dáadáa. Tí àwọn onídìrí Joju bá lè fi òfófó nìkan sílẹ̀, ìyàwó ilé mélòó ni ìgbéyàwó wọn ì bá ṣì wà?

Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, láti January 2017, òfin ló sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìṣerunlóge gba ẹ̀kọ́ wákàtí kan lórí bí wọ́n ṣe ń dá obìnrin tí wọ́n ń lù nílé mọ̀, àti ibi tí wọ́n lè júwe fún un. Wákàtí kan péré. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro: ẹni tó ń yà ẹ́ nírun ló máa kọ́kọ́ rí ojú ọgbẹ́ tó wà lórí. Obìnrin tí kò lè sọ ọ́ fún pásítọ̀, tí kò lè sọ ọ́ fún ìyá ọkọ, á sọ ọ́ fún onídìrí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni di dókítà Aro o. Aro tiwa tó wà ní Abẹ́òkúta, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní 1954 láàárín àwọn ará abúlé tó yí wọn ká, lọ́dọ̀ ẹbí wọn, dípò kí wọ́n há wọn mọ́, àwọn àwòkọ́ṣe wà níbẹ̀ tó yẹ ká máa fi yangàn. Àwa ń fi orúkọ ẹ̀ bú ara wa nínú ṣọ́ọ̀bù, "ó yẹ kí wọ́n gbé ìwọ yìí lọ sí Aro."

Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kàn yín. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ẹ mọ iye tí wọ́n ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí ráyà tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bí owó àtáṣímẹ́ǹtì ṣe ń lọ sókè. Ẹ ṣe àdéhùn aago mẹ́sàn-án, ẹ dé ní aago kan. Wọ́n ṣe é tán, ẹ ní owó yẹn ti pọ̀ jù, "irun lásán làsàn." Ẹ ń pe ẹni tó ju yín lọ ní "ìwọ onídìrí." Obìnrin yẹn ti dúró láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú, kò tíì jẹun. Ṣé ọ̀rọ̀ dídùn lẹ rò pé ó máa bọ́ lẹ́nu ẹ̀? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin náà ń gbé ọfà dání wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ó tún ku àwa oníkọ́ńtẹ́ǹtì. Àwa gan-an! Ṣọ́ọ̀bù kan pè mí lọ́dún yìí pé kí n wá ya fídíò "before and after" fún àwọn. Owó tí wọ́n fẹ́ san dáa. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí n ya orí kọ́sítọ́mà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u, kí n sún mọ́ iwájú orí tó ti pá, kí n wá fi ohùn ẹ̀rín tó ń gbòde sí i. Mo ní ṣé ẹ ti bi ẹni náà. Wọ́n ní kò sí ohun tó kàn án, ojú ẹ̀ ò ní hàn. Mo ní mi ò ṣe. Wọ́n wá ẹlòmíì, wọ́n gbé e jáde, ó sì lọ káàkiri dáadáa, mi ò ní parọ́ fún yín. Ojú ẹ̀ ò hàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yẹtí ẹ̀ hàn, aṣọ ẹ̀ hàn, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Títí di àná tí mo rí i níbi tó ti ń ra búrẹ́dì, ìbòrí ni ó wé mọ́ orí, nínú oòrùn Ọ̀tà yìí, ó fà á wá síwájú títí dé ìpéǹpéjú.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

Ẹ̀yin àǹtí, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò gba kọ́bọ̀. Ẹ kí ènìyàn kó tó jókòó. Tí ẹ bá rí nǹkan lórí ẹ̀, ì báà jẹ́ làpálàpá tàbí irun tó ń já, ẹ tẹ̀ sí i létí, ẹ sọ ọ́ fún òun nìkan. Ẹ máa bi í láàárín iṣẹ́ pé "Ṣé kò le jù?", tó bá sì ní ó le, ẹ tú u, ẹ má sọ fún un pé ẹwà ò rọrùn. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fídíò. Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́ onídìrí, gbogbo ìgbà lẹ ń ṣe ìpàdé, tí ẹ ń gba dúùsì, tí ẹ ń fi owó ìtanràn lé ẹni tó bá pẹ́ dé. Ẹ fi owó ìtanràn lé ẹni tó bá fi òòyà lu ọmọ iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí òbí kà á, kí ọmọ náà kà á. Tẹ́ ẹ bá ń fi tọ́dún yìí gbàdúrà fún àwọn tó fẹ́ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ẹ bi wọ́n lójú gbogbo èèyàn bí wọ́n á ṣe máa ṣe sí ọmọ iṣẹ́ tiwọn.

Mo mọ̀ pé àwọn tó dáa wà. Àǹtí kan wà lẹ́yìn ọjà tó jẹ́ pé tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣàṣìṣe, wọ́n á di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n á jọ ya ojú irun náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Irun wọn kì í le, kì í sì í tètè tú. Mi ò mọ bí ìkan ṣe kan ìkejì, mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni.

Torí náà, ẹ̀yin tèmi, ní Joju, Sango, Oju-Ore, Iyana-Iyesi, títí dé Ijoko, ọ̀dọ̀ onídìrí wo lẹ ti máa ń jáde tí inú yín máa ń dùn sí ara yín? Ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sísàlẹ̀ níbí, orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe tó yàtọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ènìyàn méjì bá jẹ́rìí sí, màá lọ ya fídíò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni màá gbé kámẹ́rà sí. Fóònù mi ti wà ní ṣájì.